Ta Ni Yóò Ru Iṣu Gòkè? Ìtàn Ìbáṣepé àti Ìlú Adágbé

Oríṣìí ìtàn-àròsọ kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn láti máa kọ. Wọn a mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ nínú ìtàn, wọn a yí i padà, wọn a sì bi ara wọn léèrè pé: ìbá ṣe pé kò rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ìbá ṣe pé Òyìnbó kò dé ńkọ́? Ìbá ṣe pé Ọ̀yọ́-Ilé kò tú ńkọ́? Nítorí pé n kò mọ orúkọ kan pàtó tí a fi ń pe irú iṣẹ́ yìí láàárín wa, ìtàn ìbáṣepé ni n ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Ní Ìdànrè tí mo ti ń kọ́ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gba ọkàn àwọn ọ̀dọ́: ìbá ṣe pé àwọn baba wa kò sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè ńkọ́? Mo ti ka irú rẹ̀ tó méje tàbí mẹ́jọ, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ń forí lé. Ọba kan jẹ lórí òkè. Ó fi ẹ̀ṣọ́ sí ẹnu àtẹ̀gùn. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì jáde. Ilé-ìwé kò sí, ọjà kò sí, orin pàápàá di ohun tí à ń gba àṣẹ kí a tó kọ. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ọdẹ kan láti Àkúrẹ́ ṣìnà débẹ̀, ó bá àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ pé ayé ti yí padà. Ìlú adágbé lábẹ́ ìjọba apàṣẹwàá nìyẹn. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi a máa fún un ní máàkì púpọ̀, nítorí pé èdè rẹ̀ a máa dùn, ẹ̀rù a sì máa ba òǹkàwé. Èmi kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Àléébù rẹ̀ kì í ṣe ti èdè, ti ìrònú ni. Ó sì ń kọ́ ọmọ ní ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nípa ibi tí ìwà ìkà àwọn alágbára ti ń ṣẹ̀ wá.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ irú àròkọ yìí wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan láti gba ìwé rẹ̀. Mo bi í pé, 'Nínú ìtàn rẹ yìí, ta ni yóò ru iṣu gòkè?' Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, 'Ìtàn lásán ni, sà.'

Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Ìdànrè rí yóò mọ ìdí tí mo fi béèrè. Àtẹ̀gùn tí à ń tẹ̀ gòkè lé ní 600, orúnkún tèmi kò sì gbà á mọ́ bíi ti àtijọ́. Lókè lọ́hùn-ún, ààfin àtijọ́ ti Ọwá wà níbẹ̀, ojúbọ wà níbẹ̀, ojú oórì àwọn baba ńlá wà níbẹ̀, a sì ń fi ipa ẹsẹ̀ Agbóògùn han àlejò. Ṣùgbọ́n àpáta kì í gba èbù. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ oko tí ó lè bọ́ odidi ìlú wà. Ìsàlẹ̀ náà ni kòkó ti rí ilẹ̀ tí ó bá a lára mu, tí Ìdànrè fi di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a mọ̀ mọ́ kòkó ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1920, oko àti ọjà àti ọ̀nà ọkọ̀ ni ó fà wọ́n. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà ìsàlẹ̀ tipẹ́ kí ilé wọn tó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn àròkọ náà gbàgbé. Kí ìlú tó sọ̀ rárá, ilé-ìwé ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè ní 1896, a sì ti kọ́ ilé ẹjọ́ síbẹ̀ ní 1906. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ìlẹ̀kùn ìlú ní ọdún 1920, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé fún wa. Ṣé ó lé wọn ni? Ṣé ó pa wọ́n ni? Ìtàn ìbáṣepé kò fún òǹkọ̀wé láyè láti yí ohun gbogbo padà. Ohun kan ṣoṣo ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti yí. Èyí tí ó kù, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó máa rìn bí ó ti ń rìn.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí sọ àpáta di ọ̀dàlẹ̀. Lójú wọn, bí ibùgbé bá ti ga, tí ó sì dá dúró, ọba ibẹ̀ kò lè ṣàìdi òǹrorò. Bẹ́ẹ̀ odi ni òkè jẹ́ fún ará Ìdànrè, odi a sì máa kọjú sí òde ni. Ẹni tí ń bọ̀ wá jà ni ó ń dènà, kì í ṣe ẹni tí ó ń relé oko.

Wọlé Ṣóyínká, tí ó fi Ìdànrè sọ ìwé ewì rẹ̀ tí ó jáde ní 1967, mọ èyí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, nítorí náà kì í ṣe ti àwọn tí ń ṣèdánwò Yorùbá, ṣùgbọ́n ìtàn Ògún tí ó wà nídìí ewì náà, tiwa ni. Ògún dá gbé lórí òkè, kò sì sí ẹni tí ó pa níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn ará Ìrè bẹ̀ ẹ́ sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n fi í jọba, tí ó wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà náà ni ó yí idà padà sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tí ó gbà pé ìdágbé ni ó ń bí ìkà jókòó ti ìtàn yìí díẹ̀.

Ní ti Yorùbá gan-an, eré-oníṣe Adébáyọ̀ Fálétí, Baṣọ̀run Gáà (1972), ni ìwé tí ó ṣàlàyé ìjọba apàṣẹwàá jù lọ fún wa. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sílẹ̀ sọ pé ọba márùn-ún ni Gáà fi jẹ. Ó pa mẹ́rin, ẹnì karùn-ún, Abíọ́dún, ni ó sì pa òun ní 1774. Ibo ni èyí ti ṣẹlẹ̀? Ọ̀yọ́-Ilé ni, ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ là dé òkun, tí ẹlẹ́ṣin àti oníṣòwò ń wọ̀ lójoojúmọ́. Kò sí àpáta kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni agbára kan tí ó ti kúrò lábẹ́ ìkáwọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó ká a. Àwọn Ọ̀yọ́mèsì méje ni ó yẹ kí ó máa dí Aláàfin lọ́wọ́ àṣejù. Nígbà tí olórí wọn fúnra rẹ̀ wá di alásejù, kò ku ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Idà tí a rọ fún ìṣọ́ ìlú ni ó fi ń bẹ́ ìlú lórí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ikú Agbọ̀nyín, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn olùdánwò máa ń sáré kọjá. Àgbọ̀nrín ni Gáà nílò fún oògùn. Orúkọ ọmọ Abíọ́dún sì jọ orúkọ ẹran náà létí. Gáà ní kò sí ìyàtọ̀, ó sì fi ọmọ ọba rọ́pò ẹran. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ pé 'èyí fi hàn pé ìkà ni Gáà', wọn a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ìlò èdè ni ó wà níbẹ̀. Yorùbá fẹ́ràn kí a máa fi ohùn ọ̀rọ̀ dárà. Nínú ìjúbà, nínú ofọ̀, nínú àwàdà, a máa ń mú ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra so pọ̀. Eré ni láàárín àwa tí a lè sọ fún ara wa pé, 'Rárá o, kò rí bẹ́ẹ̀.' Ní ilé Gáà, kò sí ẹni tí ó lè sọ rárá, eré ọ̀rọ̀ sì di ẹ̀jẹ̀. Níbi tí ènìyàn kan ṣoṣo bá ti ní àṣẹ láti sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ti di ìlú adágbé, ìbáà jẹ́ àárín ọjà ni ó wà. Àwọn àròkọ Ìdànrè tí mo kà kò ní ibì kan tí ó sún mọ́ èyí. Ẹ̀ṣọ́ àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n ń kà.

A tún lè fi ìbáṣepé wo eré náà. Ìbá ṣe pé Gáà ti ìlẹ̀kùn Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó pa á: ọ̀nà ni Abíọ́dún bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀yàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ní Àjàṣẹ́, ọ̀nà náà ni ogun sì gbà wọlé. Ìbá tì í, bóyá ìbá tún lo ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n láti ìhà àríwá ni Ọ̀yọ́ ti ń ra ẹṣin, ẹṣin ni agbára ogun rẹ̀. Owó òde tí ó ń wọlé ni àwọn ọmọ Gáà sì ń jẹ káàkiri ìgbèríko. Ẹni tí ó bá ti ọ̀nà náà, ó ti ẹnu ara rẹ̀. Báyìí ni ó yẹ kí a máa ro ìtàn ìbáṣepé: kí a máa tẹ̀ lé oúnjẹ àti owó.

Efúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ (1970) kò nílò ju agbo-ilé kan lọ. Àárín Ìbàdàn ni agbo-ilé náà wà, ṣùgbọ́n òfin tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí ní ilé kejì: ẹrú kò gbọdọ̀ bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí Efúnṣetán ní kú sórí ìkúnlẹ̀, ó sì pinnu pé kí ilé òun má gbọ́ ohùn ọmọ mọ́. (Òpin tí Ìṣọ̀lá fún un yàtọ̀ sí ti ìtàn, níbi tí àwọn ẹrú rẹ̀ ti pa á lóru ní 1874. Kí olùdánwò má ṣe da méjèèjì pọ̀.) Ògiri agbo-ilé náà kò ga ju ti aládùúgbò lọ.

Bí a bá wá ń fẹ́ ìlú adágbé tòótọ́, tí kì í ṣe ti àròsọ, kò jìnnà. Ní Equatorial Guinea, láti 1968 títí di 1979, Macías Nguema ṣe ìjọba tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ìlú sá fún. Erékùṣù Fernando Po wà nínú orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó, títí ìjọba wa fi kó wọn wálé ní bí ọdún 1976. Kòkó náà ni àwa ń gbìn ní Ìdànrè. Ẹ kíyè sí ohun tí Macías ṣe sí òkun. Òkun ti yí erékùṣù náà ká láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ẹlẹ́wọ̀n. Ìgbà tí ó gbógun ti ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun wọ̀ sá lọ, ìgbà náà ni omi di ògiri. Japan ṣe irú rẹ̀ ní 1635: òfin kan jáde pé ọmọ ilẹ̀ náà tí ó bá lọ sí òkè òkun, ikú ni. Ènìyàn ni ó ti ìlẹ̀kùn, láti inú. Àwọn oko kòkó Fernando Po sì di igbó nígbà tí kò sí ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́.

N kò sọ pé ìdágbé kò ṣe alágbára lóore rárá. Ó rọrùn láti purọ́ fún ẹni tí kò rí ilé ẹlòmíràn rí. Fágúnwà fi Èdìdàrẹ́, ìlú àwọn òmùgọ̀, sí inú igbó nínú Ìrìnkèrindò (1954), ibẹ̀ sì bá a mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Fágúnwà ń wá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ẹ̀rù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ẹni tí ó ti ìlẹ̀kùn hàn wá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹn tún àròkọ rẹ̀ kọ. Nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ̀ṣọ́ kò sí ní ẹnu àtẹ̀gùn. Ọba kọ́kọ́ ní kí olúkúlùkù kó iṣu tí ó bá rù gòkè wá sí àká kan ṣoṣo ní ààfin, nítorí olè. Àwọn ìjòyè fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí kò bá sí nílé lálẹ́, iṣu rẹ̀ kò sí lọ́la. Ọmọ ilé-ìwé kan ni ó kọ́kọ́ ka iye iṣu tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, ó sì kọ ọ́ sára ògiri. Mo fún un ní mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Mo yọ mẹ́rin nítorí pé kò fi àmì ohùn sí ìdajì rẹ̀.