Yàrá Ló Ń Yan Ọ̀dà

Bí ènìyàn bá pè mí pé kí n wá bá òun kunlé, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ìgbà wo lẹ máa ń jókòó sí yàrá yìí jù?" Wọ́n á wò mí lójú. Orúkọ àwọ̀ ni wọ́n ti há sórí dè mí, tàbí fọ́tò tí wọ́n yà nílé ọ̀rẹ́ wọn. Mo máa ń gba fọ́tò náà, màá sì wò ó dáadáa, torí ó ń sọ ohun tí ọkàn wọn ń fẹ́ fún mi. Ṣùgbọ́n n kò ní po ọ̀dà kankan títí n ó fi jókòó sínú yàrá yẹn láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ tí wọ́n bá ti tan iná.

Ọdún 22 rèé tí mo ti ń kunlé nílùú Ìbàdàn. Ọdún kejì tí mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni mo kun yàrá ìyàwó tuntun kan. Àwọ̀ osùn tí a fi omi là ló fẹ́, pupa tó rọra ń tàn. Ọ̀sán gangan la yàn án, ó sì dára lójú àwa méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ tó kó wọlé, wọ́n tan gílóòbù funfun báláú, ògiri bá di eérú, bí ara ẹni tí ibà dá dúbúlẹ̀. Ó ń sunkún lórí fóònù. Mo fi owó ara mi tún un kùn, ṣùgbọ́n alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn nínú ilé ọkọ rẹ̀, n kò lè fún un padà. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró de alẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé àwọ̀ wá sójú wa, ìmọ́lẹ̀ yàrá kan ò sì jọ ti èkejì. Ìwé ìròyìn ilẹ̀ òyìnbó á máa sọ pé yàrá tó kọjú sí àríwá kì í rí oòrùn. Ilẹ̀ tiwọn nìyẹn. Ní Ìbàdàn níbí, láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹsàn-án, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Tí ọyẹ́ bá fi máa dé, ó ti bọ́ sápá gúúsù. Fèrèsé tó ṣókùnkùn lásìkò òjò lè jẹ́ òun gan-an ni oòrùn yóò máa yọjú gbà nígbà Kérésìmesì. Ohun tó wà níta náà ń bá wa kunlé. Ilẹ̀ pupa iwájú ilé ń ta pupa sórí àjà, fẹ́ǹsì aládùúgbò ń ta tirẹ̀.

Lóṣù keje ọdún kan, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ pè mí sí Òkè-Àdó. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n fẹ́ fún pálọ̀, bíi ti àbúrò wọn. Igi máńgòrò ńlá kan sì dúró lójú fèrèsé gúúsù. Mo kun páálí mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ọ̀dà olómi tí kò tíì gbẹ máa ń tanni jẹ: ohun tó ń mú un lẹ̀ mọ́ ògiri máa ń funfun bíi wàrà nígbà tó bá tutù, bó bá gbẹ, yóò mọ́ gaara, àwọ̀ yóò sì jinlẹ̀ ju bí a ṣe rí i nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ.

"Pẹ́ńtà, mo ti ní aláwọ̀ ewé ni mo fẹ́."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ bá mi gbọ́wọ́ yín lé e."

Wọ́n gbọ́wọ́ lé páálí aláwọ̀ ewé náà. Ewé máńgòrò ti pa inú pálọ̀ láró kí ọ̀dà tó dé rárá. Nígbà tí àwọ̀ ewé tún wá gorí àwọ̀ ewé, ọwọ́ màmá, tó ń dán lóde, rí bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Wọ́n wò ó pẹ́.

"Ṣé báyìí ni àlejò mi á ṣe máa rí mi?"

Ibi tí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ akunlé kì í wò nìyí. Ẹ̀yìn onílé ni ògiri ń wà lọ́jọ́ gbogbo ayé rẹ̀. Ògiri tó bá dáa lójú mi ni èyí tí awọ dúdú ń dán níwájú rẹ̀, tí ìyá tó jókòó tì í á fi dàbí ẹni tó sùn dáadáa.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi aṣọ òkè wọn hàn mí. Mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé àwọn àgbà, nítorí orúkọ tó wà lára agolo ọ̀dà kò sọ nǹkan kan fún wọn. Pupa gan-an kò tó fún iṣẹ́ tiwa: pupa epo ni, àbí ti osùn, àbí ti ìyeyè tó pọ́n? Ṣùgbọ́n bí mo bá ní ẹtù, wọ́n ti rí dúdú aró tó jinlẹ̀. Bí mo bá ní àlàárì, wọ́n ti rí pupa tó kún ojú. Màmá ṣí àpótí, wọ́n fa ìró sányán yọ, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Nínú gbogbo àwọ̀ ewé tó kún pálọ̀ náà, sányán yẹn dúró bíi yanrìn tó ń yá oòrùn.

Ọ̀dà funfun lítà 20 ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń fi àwọ̀ ìyeyè sí i díẹ̀díẹ̀, mo fi pupa bí ilẹ̀ tẹ̀ lé e, kí n tó wá kan dúdú. Dúdú ni mo máa ń bẹ̀rù jù. Orí igi ni mo ti ń kán an, ẹ̀kán kan, màá rò ó dé ìsàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì títí apá á fi ro mí, màá fi kan páálí, màá sá a sóòrùn, màá gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Bí ẹ̀kán méjì bá fi pọ̀ jù, odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì ti kú, kò sì sí funfun tó lè jí i. Ọjọ́ yẹn, ìgbà keje ni mo tó rí i pé aṣọ àti páálí ti di ọ̀kan lójú mi. Mo tún dúró di alẹ́, mo wò ó lábẹ́ gílóòbù olómi ìyeyè tí wọ́n ń lò.

Yàrá ọmọdé ni n kì í jẹ́ kí wọ́n fi ẹwà nìkan mú ọ̀dà rẹ̀. Pupa àti ìyeyè tó ń tàn yòò nínú ọ̀dà olóróró ni òjé máa ń fara pa mọ́ sí jù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tó ṣe é gbà fún ara ọmọ. N kì í bá òbí jiyàn púpọ̀ lórí àwọ̀, ṣùgbọ́n lórí èyí, màá kó burọ́ọ̀ṣì mi lọ. Ọ̀dà olómi tí wọ́n kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ pé kò ní òjé nínú ni mo ń lò.

Ní oṣù kejìlá ọdún náà, màmá Òkè-Àdó tún pè mí. Mo rò pé ògiri ti là ni.

"Pẹ́ńtà, tètè máa bọ̀, aago mẹ́rin ti fẹ́ lù."

Oòrùn ti bọ́ sápá gúúsù, ó ti rẹlẹ̀ débi pé ó gba abẹ́ ẹ̀ka máńgòrò wọlé. Ó dé ara ògiri, ó ń gùn ún lọ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì dé á di sányán tó ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò lórí òfì. Màmá fa àga kejì wá. N kò rántí pé a sọ̀rọ̀. A jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lára ògiri, wọ́n bá dìde, wọ́n tan iná.