Òǹwòran àti Ìdíwọ́ nínú Ìṣeré Alohùn: Àkíyèsí láti Mápó, Ìbàdàn

Ìfáárà

Èrò tó gbilẹ̀ láàrin àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn ni pé alábàáṣe ni òǹwòran Yorùbá nínú eré. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí a bá fi mọ síbẹ̀, yóò dà bí ẹni pé kò sí ohun tí òǹwòran lè ṣe tó lè ba eré jẹ́. Àwọn mìíràn ń tẹ̀lé ìlànà gbọ̀ngàn orin àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n sì ka gbogbo ìdásí sí ìdíwọ́. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè kan ló yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n: ǹjẹ́ eléré lè dá ìdíwọ́ náà lóhùn láìkúrò nínú eré?

Ìdíwọ́ tó ṣe é dá lóhùn

Babalọlá (1966) ṣàlàyé pé bí oníjàálá bá ń sun ìjálá níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ àṣìsọ lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n já lù kì í dá eré dúró. Inú ìjálá náà ni yóò ti fèsì: ó lè ní ìṣojú òun ni ọ̀rọ̀ náà ṣe, tàbí kó ní bí olùkọ́ òun ti kọ́ òun nìyẹn. Báyìí ni àríyànjiyàn ṣe di ara eré.

Barber (1991), tó ṣèwádìí oríkì ní Òkukù, fi hàn pé oríkì kò ní ètò kan pàtó tí kò ṣe é yí padà. Nítorí náà, apohùn lè fi ẹni tó ń kì sílẹ̀, kó kọjú sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí eré má sì já. Orin tí a kọ sínú ìwé kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, Alan Gilbert, olùdarí ẹgbẹ́ New York Philharmonic, dá orin Mahler dúró nítorí tẹlifóònù òǹwòran kan tó ń dún. Kò sí ibì kankan nínú orin náà tó ti lè dá a lóhùn.

Ìdíwọ́ tí kò ṣe é dá lóhùn

Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lórí òkè láàrin ìlú, nítòsí Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ. Ibẹ̀ ni ìwúyè Olúbàdàn ti wáyé ní 2022, 2024 àti 2025. Bí ìjòyè bá dé sí irú àpéjọ bẹ́ẹ̀, onídùndún a pa ohun tó ń lù tì, a sì fi ìlù kí i. Bí ìjòyè mìíràn bá tún dé, a yí padà. Ìyẹn kì í ṣe ìdíwọ́. Iṣẹ́ onílù gan-an ni.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ewu wà. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni dùndún fi ń sọ̀rọ̀. Kò ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì tí etí lè fi gbá ọ̀rọ̀ mú. Bí ariwo ẹ̀rọ bá bo àwọn ohùn wọ̀nyí mọ́lẹ̀, ìtumọ̀ ti sọnù. Ẹni tí wọ́n ń kì kò gbọ́, kò sì lè dáhùn. Onílù tí kò gbọ́ ìlù ara rẹ̀ kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú lè rò pé òun ń fi kún ayẹyẹ ni; síbẹ̀, ìpalára tó ṣe ju ti ẹlẹgbẹ́ tó já lu oníjàálá lọ.

Ìwúlò fún olùkọ́

Nínú ìdíje ewì alohùn nílé-ìwé, adájọ́ tó ń yọ máàkì kúrò nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ yà kúrò nínú ohun tó kọ́ sórí ń fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìmọ̀ tí eré náà bèèrè. Ó sàn kí olùkọ́ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò já lu eléré, kí ó sì fún eléré ní máàkì lórí bó ṣe fèsì. Tẹlifóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni kó wà ní pípa.

Àgbálọgbábọ̀

Òǹwòran Yorùbá ní ẹ̀tọ́ láti dá sí eré, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà dúró lórí pé kí eléré lè gbọ́ ọ, kí ó sì lè fèsì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ oríkì sórí, tí kò mọ bí a ṣe ń dá òǹwòran lóhùn, ìdajì iṣẹ́ ló kọ́.