Kí ni ìlù náà wí?

Ní Ìtòrí, bí onílù bá wọ òde àríyá, kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù. Á kọ́kọ́ wo ojú èèyàn. Á rọra bi ẹni tó mọ ilé pé, "Ọmọ ta nìyẹn?" Kí a tó ṣẹ́jú, ìyáàlù ti wà léjìká rẹ̀, ó ti ń ki bàbá onítọ̀hún, owó sì ti ń jáde lápò. Ẹni tó gbọ́ ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò gbọ́ á fi ìgúnpá gún ẹni tó jókòó tì í: "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wí?"

Ìbéèrè yìí la fẹ́ bi àwọn àjọ̀dún àṣà ńláńlá tí à ń ṣe nílẹ̀ yìí.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Abẹ́òkúta. Lọ́dún 2016, nígbà tí Ibikunle Amosun jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kútọ̀ pẹ̀lú orúkọ Nigerian Drums Festival. Nígbà tó di 2017, ó di African Drums Festival. Onílù wá láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀, wọ́n sì wá láti ilẹ̀ òkèèrè. A ò ní parọ́, ohun tó dára ni. Àwọn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní alágbe, ìjọba gbé wọn sórí pèpéle, ó ní kí gbogbo ayé wá wò wọ́n.

"Wá wò wọ́n" yẹn gan-an ni ẹjọ́ wa.

Ní irú àjọ̀dún báyìí, oúnjẹ, ijó àti ìlù ni wọ́n máa ń tò pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó wá láti Kánò kò nílò ògbufọ̀ kó tó jẹ ìrẹsì ọ̀fadà. Ahọ́n rẹ̀ á sọ fún un. Bó bá dé Ìtòkú tó rí àdìrẹ, ojú rẹ̀ á sọ fún un. Ṣùgbọ́n dùndún ń sọ èdè ni. Bí a kò bá túmọ̀ rẹ̀, ariwo aládùn lásán ló gbọ́ lọ sílé.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló ní. Bó bá lu re-mí, ó lè jẹ́ ilé, ó lè jẹ́ owó, ó lè jẹ́ ewé. Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Odindi òwe tàbí oríkì ló máa ń lù, kí gígùn gbólóhùn lè ran etí lọ́wọ́. Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ ọgbọ́n yìí: bí ọ̀nà kò bá gba ìsọfúnni dáadáa, ẹ fi kún un kó má baà sọnù.

Nítorí náà, bí adarí ètò bá ní kí ẹgbẹ́ kan tètè parí kí ẹlòmíràn lè gorí pèpéle, àárín gbólóhùn ló ti gé e. Kò tilẹ̀ mọ̀. Àtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e, àwa náà pàtẹ́wọ́.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló kàn. Ìlù méjì ni atumpan àwọn Akan ní Ghana, ọ̀kan fún ohùn òkè, ìkejì fún ohùn ìsàlẹ̀, Twi ló sì ń sọ. Bí dùndún àti atumpan bá pàdé lórí pèpéle kan, elédè méjì ló pàdé yẹn. Ta ló ń ṣe ògbufọ̀ wọn?

Kí àwa ọ̀dọ́ má sì rò pé ẹjọ́ ìjọba nìkan ni. Lórí WhatsApp, a ó kọ "oko mi ti de". Ọkọ ni àbí ọkọ̀? Ẹ lọ máa wò ó! Ìlù kò ní ṣi èyí: re-re ni ọkọ, re-dò ni ọkọ̀. Ìlù mú ohùn, ó fi lẹ́tà sílẹ̀. Fóònù wa mú lẹ́tà, ó fi ohùn sílẹ̀. Ìdajì èdè wà lọ́wọ́ onílù, ìdajì wà lọ́wọ́ wa, a kò sì jókòó pọ̀.

Àwọn kan á ní ìlù ní àṣírí, kí a má tú u. Lóòótọ́, ó ní àṣírí, kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oríkì tí wọ́n ń lù ní gbangba, kí gbogbo ìlú lè gbọ́ ni wọ́n ṣe ń lù ú.

Ohun tí à ń bèèrè kò wọ́n. Àwọn àjọ̀dún máa ń gbé tẹlifíṣọ̀n gàgàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle. Kí wọ́n kọ ohun tí ìlù ń wí síbẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Kí wọ́n jókòó ti ọmọ Àyàn ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó sọ gbólóhùn rẹ̀ lẹ́nu, kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀. Kí fídíò àti àkọsílẹ̀ jọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà níbẹ̀, àwa lè ṣe é, ká má fi ṣe ti owó.

Nítorí ọjọ́ ń lọ. Lóde Ìtòrí, ẹni tí à ń fi ìgúnpá gún ṣì ń dá wa lóhùn. Àgbà ni, kò sì ní wà níbẹ̀ títí.