Orin Ọ̀nà tí a Ṣe ní Àpápá

Àwọn àgbà wí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwa tí a ń gbé ní agbègbè Odígbó mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní Òrè ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Benin, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa gbé pàdé. Ọkọ̀ kì í dá lójú wa ní ọ̀sán, ìró rẹ̀ kì í sì í dá ní etí wa ní òru. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá kọ orin nípa ọkọ̀ àti ọ̀nà, tí ó sì jẹ́ pé Èkó, níbi tí ọ̀nà tiwa ti bẹ̀rẹ̀, ni ó ti kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ, ó tọ́ kí a fi ojú aláròjinlẹ̀ wo orin náà, kí a sì sọ ohun tí a rí.

Orin tí a ń wí ni "Helen Wheels," èyí tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì tí a ń pè ní Wings gbé jáde ní ọdún 1973. Olórí ẹgbẹ́ náà ni Paul McCartney, ọmọ Liverpool, ẹni tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ Beatles títí ẹgbẹ́ náà fi tú ká ní 1970. Helen Wheels kì í ṣe orúkọ obìnrin, bí kò ṣe orúkọ tí òun àti aya rẹ̀, Linda, fún ọkọ̀ Land Rover wọn. Bí a bá yára pe orúkọ náà, etí Gẹ̀ẹ́sì yóò gbọ́ ọ bí ẹni pé a ń wí pé ọ̀run àpáàdì gun orí táyà. Ìrìn àjò ọkọ̀ yìí láti ilẹ̀ Scotland sí London ni orin náà ń ròyìn.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn rárá. Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 1973 ni wọ́n dé sí Èkó, láti lo ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ EMI ní ní Àpápá. Kí wọ́n tó gbéra ní ìlú wọn ni méjì nínú wọn, Henry McCullough onígìtá àti Denny Seiwell onílù, ti kọ ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó wá ku mẹ́ta: McCartney, Linda, àti Denny Laine, pẹ̀lú Geoff Emerick tí ń tọ́jú ẹ̀rọ. Àwọn olè fi ọ̀bẹ dá McCartney àti aya rẹ̀ dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sì gba téèpù tí wọ́n ti kọ àwọn orin wọn sí, tí ó fi di dandan kí wọ́n máa fi orí rántí wọn. Ní ọjọ́ mìíràn McCartney dákú nínú ilé iṣẹ́ nítorí pé èémí kò tó o. Síbẹ̀ wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn. McCartney fúnra rẹ̀ lu ìlù tí onílù rẹ̀ ìbá lù.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1973 ni ilé iṣẹ́ Apple gbé orin náà jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí àwo kékeré, pẹ̀lú "Country Dreamer," tí a ti ṣe ní London ṣáájú, ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ó dé Amẹ́ríkà. Ó gun ipò 12 nínú àwọn àwo tí ń tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ipò 10 ní Amẹ́ríkà. Bí akéde ti í ṣáájú ọba ni àwo kékeré í ṣáájú àwo ńlá, nítorí ní oṣù Kejìlá ni àwo ńlá tí wọ́n ṣe ní Èkó, *Band on the Run*, tẹ̀ lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi "Helen Wheels" sínú rẹ̀ nítorí ọjà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi í sí i.

Ní ti orin náà fúnra rẹ̀, ohun méjì ni a yìn. Èkíní ni pé ó mọ bí ọ̀nà ti í rí lẹ́nu. Ó ń pe ìlú kan tẹ̀ lé èkejì, Glasgow, Carlisle, Kendal, Liverpool, Birmingham, títí ó fi dé London, gan-an gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọkọ̀ wa ti í dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tí í máa ké pe Ìjẹ̀bú-Òde, Òrè, Benin. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé orúkọ ìlú nìkan ti tó orin. Ẹ̀kejì ni pé ìlù rẹ̀ wúwo, kò sì sinmi, bí ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kò kúrò lórí iná ọkọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ̀ pé ìrìn ni a ń rìn. Ó sì wù wá pé láàrin eré náà ni a gbọ́ ohùn èrò tí ń bẹ awakọ̀ pé kí ó rọra, nítorí ẹ̀mí. Ta ni nínú wa tí kò tíì bẹ awakọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ṣùgbọ́n a ní ohun tí a kò yìn. Àwọn ìlú tí orin náà ń pè kò ní ènìyàn nínú. Ẹnìkan ṣoṣo ni a dárúkọ ní ojú ọ̀nà, atukọ̀ ojú omi kan láti Birmingham, òun náà kò sì ṣe ju pé ìró orúkọ rẹ̀ bá ti ìlú náà mu lọ. Liverpool, níbi tí a gbé bí akọrin, kò rí ju gbólóhùn kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í pe orúkọ ìlú ní ìhòòhò. Oríkì ni a fi í wọ̀ ọ́ láṣọ. Ẹ gbé Òrè yẹ̀ wò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ-ogun Biafra gba Benin, wọ́n sì tẹ̀ síwájú dé Òrè, níbẹ̀ ni a sì ti dá wọn padà. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Òrè!" Gbólóhùn kúkurú yìí ru ẹrù ogun kan lórí. Orúkọ inú "Helen Wheels" yá lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò ru ẹrù kankan.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀sùn tí a mọ iṣẹ́ Èkó yìí mọ́. Fela, tí ń jẹ́ Ransome-Kútì nígbà náà, wí pé McCartney wá láti jí orin aláwọ̀ dúdú. McCartney ti lọ gbọ́ orin Fela ní ilé ijó rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi bọ́ lójú òun. Nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀sùn náà, ó mú kí Fela wá fetí sí ohun tí a ti ṣe, kí ó lè rí i pé kò sí ohun Èkó nínú rẹ̀. Àwa náà fetí sí i, a sì dájọ́ pé olùjẹ́jọ́ jàre. Nínú "Helen Wheels" kò sí agogo wa, kò sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kò sí ẹ̀gbè tí a lè pè ní tiwa.

Síbẹ̀ a kò pe ìbẹ̀rù Fela ní ìbẹ̀rù òmùgọ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí a máa sá fún okùn. EMI kan náà tí ó gba Wings lálejò ni ó gbé àwo Fela, "Jẹun Kó Kú," jáde ní 1971 lórí àmì HMV. Fela sì mọ̀ pé bí ohùn bá ti wọ inú ẹ̀rọ, ọ̀nà rẹ̀ jìn ju ọ̀nà ẹni tí ó ni í lọ. Òfin ti wà láti 1970 tí ń dáàbò bo iṣẹ́ olórin ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin tí olórin kò mọ̀, ajá tí kò ní eyín ni.

Ohun tí ó dùn wá ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. McCartney ti ní i lọ́kàn láti pe àwọn olórin ilẹ̀ yìí kí wọ́n bá a ṣeré. Nígbà tí a pè é ní olè, ó fi wọ́n sílẹ̀. Nígbà tí ó padà dé London, ó rí onílù kan, Remi Kabaka, tí ó bá a lu ìlù nínú orin "Bluebird." Ọmọ Èkó ni Remi Kabaka. Ẹni tí ó rin ìrìn àjò lọ sí Èkó wá ọmọ Èkó rí ní ìlú ara rẹ̀! Àlejò kò jalè, onílé kò sì pàdánù ohun ìní. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì pínyà láìjẹun pọ̀.

Nítorí náà ìdájọ́ wa ni pé àwo dáradára ni "Helen Wheels," ó sì jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀nà tí ó mọ̀. Àìlera rẹ̀ ni pé kò pẹ́ tó ní ibì kan láti kí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin Odígbó àti Òrè, orin ọ̀nà tiwa wà nílẹ̀ tí ń dúró de ẹni tí yóò kọ ọ́: pẹ̀lú àwọn tí ń sáré gbé ọjà sétí fèrèsé ọkọ̀, pẹ̀lú awakọ̀ tí ń ké pe Ògún, pẹ̀lú àwọn tí kò dé ilé. Ẹ kọ ọ́. Bí àlejò bá sì wá bá yín kọ ọ́, ẹ má ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ mú ìwé àdéhùn wá, kí ẹ tó mú ìlù.