Orúkọ Ṣáájú Oǹkà: Àgbéyẹ̀wò Àtẹ Ìṣirò Ẹja Túnà Àgbáyé

Àtẹ ìṣirò kì í sábà bọ́ sọ́wọ́ lámèyítọ́. Ewì, ìtàn àròsọ àti eré oníṣe ni ó wọ́pọ̀ nínú irú àgbéyẹ̀wò báyìí. A ń fi oǹkà sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìṣirò, bí ẹni pé oǹkà kò ní òǹkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn ni ó ń ṣe àtẹ: ó ń yan orúkọ, ó ń pa nǹkan pọ̀ mọ́ra, ó sì ń fi òmíràn sílẹ̀. Iṣẹ́ tí àgbéyẹ̀wò yìí dá lé lórí ni èyí tí Angie Coulter àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Fisheries Research ní ọdún 2020. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn àjọ márùn-ún tí ń ṣàkóso ẹja túnà ní àgbáyé jọ, láti 1950 títí dé 2016, wọ́n sì pín in sórí àwòrán òkun, kí ibi tí a ti pa ẹja lè hàn.

Kí iṣẹ́ yìí tó jáde, ojú méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye túnà tí a ń pa máa ń yà sí. Ọ̀kan ni ìwé FAO ní Róòmù. Àwọn ìjọba ni ó ń fi oǹkà ránṣẹ́ sí i lọ́dọọdún. Orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀ ni a sì ń ka ẹja náà sí lọ́rùn, ibi yòówù tí ó ti pa á. Ìpín òkun tí FAO ń lò fẹ̀ púpọ̀. Ìpín 34 bẹ̀rẹ̀ láti Gibraltar títí dé agbègbè ẹnu odò Kóńgò, tí ó fi jẹ́ pé inú àpótí kan náà ni iwájú Èkó àti iwájú Dakar wà. Ojú kejì ni àwọn àjọ òkun kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ̀ngbọ̀n ni ICCAT, tí ń mójú tó túnà òkun Àtìláńtíìkì. Rio de Janeiro ni a ti fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní 1966, àdéhùn náà fìdí múlẹ̀ ní 1969, Madrid sì ni ibùjókòó rẹ̀. Àjọ yìí ń béèrè àpapọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tún ń béèrè ibi tí wọ́n ti pẹja, oṣù tí wọ́n pa á, àti iye iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó rí i. Ìdáhùn sí èkíní kì í fi ìgbà gbogbo bá ti èkejì mu. Níhìn-ín ni ọgbọ́n Coulter àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti hàn. Wọ́n so ìdáhùn méjèèjì pọ̀. Níbi tí ọkọ̀ kan kò bá ti sọ ibi tí ó dé, wọ́n yá ti ọkọ̀ mìíràn tí ó fara jọ ọ́. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ó sì yẹ kí a gbóríyìn fún wọn.

Àríwísí tí ó ti di àṣà nípa oǹkà ẹja ni pé ohun tí a kò kọ ti pọ̀ jù. Daniel Pauly àti Dirk Zeller ni ó gbé e kalẹ̀ lọ́nà tí ó lókìkí jù ní 2016, nígbà tí wọ́n sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 130 tọ́ọ̀nù ẹja ni a pa nínú òkun ní 1996, níbi tí FAO ti kọ mílíọ̀nù 86. Àwọn onímọ̀ FAO fèsì ní 2017. Àmọ́ ti túnà gba ojú mìíràn. Ibi tí àtẹ ti kún dẹ́múdẹ́mú ni kí lámèyítọ́ ti la ojú jù.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ń kó sínú àwọ̀n àwọn ọkọ̀ ńlá jù ní òkun Guinea: skipjack, yellowfin àti bigeye. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹni tí ó mọ ẹja kò ní ṣì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yellowfin àti ọmọ bigeye a máa bá skipjack rìn lábẹ́ igi àti àwọn ohun líléfòó tí apẹja fi ń kó ẹja jọ, àwọ̀n kan náà ni ó sì ń gbá gbogbo wọn. Ọ̀gá ọkọ̀ á kọ "skipjack" sínú ìwé rẹ̀, nítorí pé òun ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Láti nǹkan bí 1980 ni a ti ń ṣa díẹ̀ yẹ̀ wò nínú ẹja tí ó gúnlẹ̀ sí Abidjan àti Dakar, láti fi tún oǹkà àwọn ọkọ̀ Yúróòpù ṣe. Lórí ẹja èbúté Tema ní Gánà, léraléra ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ICCAT jókòó kí wọ́n tó tún ìpín ẹ̀yà àwọn ọdún tí ó ti kọjá kọ. Àmì kan tí ó dá bigeye yàtọ̀ wà lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀: ilà tínrín-tínrín wà lára rẹ̀, ti yellowfin sì ń dán láìní ilà. Ta ni yóò la ikùn ẹgbẹ̀rún ẹja dídì nítorí àti mọ orúkọ?

Ìsọ̀rí kan wà nínú àtẹ FAO fún àwọn ẹja bíi túnà tí a kò kà sí ibòmíràn. Àwọn kan a máa fi ìsọ̀rí náà ṣẹ̀fẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ "òmíràn" jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí ó kọ "skipjack" sórí ọmọ bigeye kò jẹ́wọ́ ohunkóhun, òun gan-an sì ni ìṣirò yóò gbà gbọ́. Bí a bá wá pín irú oǹkà bẹ́ẹ̀ sórí àwòrán òkun, àwòrán náà yóò dára lójú, àṣìṣe orúkọ yóò sì bá a dé gbogbo ibi tí ó bá dé.

Abidjan tún fún àwọn aṣèṣirò ní ìdánwò mìíràn. Túnà tí ó kéré jù tàbí tí ó ti fara pa, tí ilé-iṣẹ́ alágolo kò fẹ́, ni àwọn ọkọ̀ ń tà sí ọjà ìlú náà. "Ayédèrú ẹja" ni wọ́n ń pè é ní èdè Faransé. Ó ń jẹ́ ayédèrú nínú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń dín fún àwọn tí ń jẹ garba, àtíékè òun ẹja díndín. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nínú ìwé ọkọ̀. Nígbà tí ICCAT fi àbá iye rẹ̀ sínú àtẹ, abẹ́ àsíá àdàpọ̀ ni ó fi í sí, ìyẹn orílẹ̀-èdè tí kò sí lórí ilẹ̀ ayé.

Kí òǹkàwé wá gbé àtẹ yìí dé Gbàgádà, ní Kòsọ́fẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹja òkun ti ń dé inú páálí, ní dídì. Títúsì, kòtẹ́, ṣàwá àti pánlá ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn alájà. Títúsì kan náà sì wà lára agolo sàdíìnì. Àwọn àgbà ń pe ẹja yìnyín ní òkú Èkó. Kò sí àsíá nínú orúkọ wọ̀nyí, kò sì sí òkun. Ìwádìí ìdílé tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-Èdè Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2010 náà béèrè ẹja tútù, ẹja dídì, ẹja yíyan àti ẹja gbígbẹ. Ipò ẹja ni ìwádìí yìí ń kà. Ẹ̀yà àti àsíá ni ti Róòmù ń kà. Kò sí ibi tí ìwé méjèèjì ti lè pàdé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè tọ ipasẹ̀ ẹja kan láti inú àwọ̀n dé inú ìkòkò ọbẹ̀ ní Gbàgádà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn méjèèjì wo ilé, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ìwé nìkan. Láti 2001 ni ICCAT ti ní ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé bí ó bá ń pín ẹ̀tọ́ ìpẹja, iye tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti pa sẹ́yìn sì wà lára ohun tí ó ń wò. Gánà ti di ọmọ ẹgbẹ́ láti 1968. 2007 ni Nàìjíríà wọlé. Fún 2020, gbogbo bigeye tí àjọ náà gbà kí a pa ní Àtìláńtíìkì kò ju 62,500 tọ́ọ̀nù lọ. Bigeye tí a kọ ní skipjack kò sí lára oǹkà yẹn, ṣùgbọ́n ó ti kúrò nínú òkun.

Ohun tí ó yẹ kí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan, ni òpó kan tí yóò sọ ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ: ṣé ọ̀gá ọkọ̀ ni, tàbí ẹni tí ó dúró ní èbúté tí ó la ikùn rẹ̀ wò. Àkọsílẹ̀ àwọn tí ń ṣa ẹja yẹ̀ wò ní Abidjan tó láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.