Òwìwí Picasso àti Ẹyẹ Orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Ọ̀tà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí òwìwí dúró fún nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá, ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ kì í ju ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ: àjẹ́. Ìdáhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó kúrú jù, kì í sì í ran ẹni tí ó dojú kọ ère gan-an lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ti òkèèrè bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, Picasso, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Antibes, ní ilẹ̀ Faransé, nígbà tí a ṣàdédé rí òwìwí kan ní igun ilé náà tí èékánná rẹ̀ ti ṣèṣe. Picasso fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi san, ó sì gbé e lọ sí Paris. Françoise Gilot, tí wọ́n jọ ń gbé nígbà náà, ròyìn nínú ìwé tí ó jáde ní 1964 pé ẹyẹ náà ń rùn, pé eku nìkan ni ó ń jẹ, àti pé bí ó bá fọn imú sí Picasso, Picasso a bú u padà. Nínú ìgbépọ̀ oníjà yìí ni àwòrán òwìwí orí àga ti jáde. Àwọn ẹyẹ tí ó fi amọ̀ mọ ní Vallauris tẹ̀ lé e. Ojú wọn ni kí a wò. Wọ́n tẹjú mọ́ni bí ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ tí kò sì ní sọ ọ́. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀ rárá, àdáwà ni.

Ọ̀tà ńkọ́, ìlú Àwórì tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rinlẹ̀? Nínú ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ojú ènìyàn a tutù pẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀, ẹyẹ a sì bà lé e lórí, nígbà mìíràn tòun ti ejò tí wọ́n jọ ń jà. Kò di dandan kí ó jẹ́ òwìwí. Ẹyẹ àwọn ìyá wa ni. Agbẹ́gilére kò gbẹ́ ẹ láti fi lé ẹnikẹ́ni sá. Ijó, aṣọ àti ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń tu àwọn ìyá nínú, kí agbára tí ó lè ba ìlú jẹ́ lè tún un ṣe. Ẹni tí ó kọ “àjẹ́” tí ó sì fi àmì ìdánudúró sí i ti gbàgbé pé àwọn ìyá yìí kan náà ni à ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn. (UNESCO ti kéde ọlá Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti 2001, ìkéde kò kọ́ni bí a ti ń ka ère.)

Àṣìṣe ni láti sọ pé iṣẹ́ Picasso jinlẹ̀ jù nítorí pé ó fọwọ́ kan ẹyẹ tirẹ̀. Òwìwí kan ni ó yà. Agbára tí ẹnikẹ́ni kò lè fi sínú àgò ni ará Ọ̀tà gbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Picasso ṣe tí àwa kì í ṣe: ó wo ẹyẹ náà dáadáa.

Ní Sàngó-Ọ̀tà, láàárín ilé-iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rù, eku kò wọ́n, òwìwí a sì máa pa eku jẹ. Síbẹ̀, bí ó bá ké lórí òrùlé, òkò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lágbègbè yẹn bi akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ léèrè ìdí tí ẹyẹ orí ère fi ń gba ijó, tí ti orí páànù sì ń gba òkò.