Fèrèsé Aláwọ̀, Àrokò àti Ìmọ́lẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Èrò Kan nípa Iṣẹ́ Ọnà Ṣọ́ọ̀ṣì

Ó ti di àṣà láàrin àwọn tó ń kọ́ni ní ìtàn iṣẹ́ ọnà láti máa pe fèrèsé onídígí aláwọ̀ inú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ ní ìwé àwọn aláìmọ̀wé. Èrò yìí máa ń tètè wọni lọ́kàn ní ìlú bíi Port Harcourt, níbi tí ọmọ Ikwerre, Ìjọ, Ògóni, Ìgbò àti Yorùbá ti lè jókòó pọ̀ nínú ilé ìjọsìn kan ṣoṣo. Èdè lè yà wọ́n nípá, ni wọ́n máa ń wí, ṣùgbọ́n àwòrán kò nílò ògbufọ̀. Lójú lámèyítọ́, ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Lẹ́tà tí Póòpù Gregory Kìíní kọ sí Serenus, bíṣọ́ọ̀bù Marseille, ní nǹkan bí ọdún 600, ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Serenus ti fọ́ àwọn àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Póòpù bá a wí, ó sì ṣàlàyé pé ẹni tí kò mọ̀wé lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára wọn. Ọ̀rọ̀ fèrèsé kò sí níbẹ̀ rárá. Ó tó ẹgbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn lẹ́tà náà kí wọ́n tó fi dígí aláwọ̀ kún ṣọ́ọ̀ṣì Chartres ní ilẹ̀ Faransé, èyí tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn tí iná jó o ní 1194.

Ní Chartres yìí gan-an ni fèrèsé kan wà tó sọ ìtàn ará Samáríà rere. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni wọ́n ń kà á. Àwọn oníbàtà tó ń ṣiṣẹ́ wọn ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọkùnrin tí àwọn ọlọ́ṣà ṣe léṣe lójú ọ̀nà Jẹ́ríkò tẹ̀ lé wọn. Bí ojú ṣe ń gòkè sí i, àfi bí Ádámù àti Éfà ṣe yọ. Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ẹni tí kò bá ti gbọ́ lẹ́nu àlùfáà pé ọmọ aráyé tó ṣubú nínú Ádámù ni ọkùnrin tí wọ́n lù náà, pé Jésù sì ni ará Samáríà, yóò rò pé ìtàn méjì tí kò bára tan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Suger ní Saint-Denis, tí wọ́n ya apá tuntun ilé ìjọsìn rẹ̀ sí mímọ́ ní 1144: ewì èdè Látìnì ló fi ṣàlàyé àwọn fèrèsé rẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló gbọ́ Látìnì nígbà náà?

Yorùbá kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ fún irú iṣẹ́ báyìí. Àrokò ni. Bí ènìyàn bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀, ohun tó ń wí ni pé ọkàn òun ń fà sí i, nítorí pé ìró 'fà' wà nínú 'mẹ́fà'. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, 'jọ' ló ń tọ́ka sí. Inú èdè ni ìtumọ̀ sá pamọ́ sí. Kí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ka owó náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, iye owó lásán ni yóò rí. Fèrèsé Chartres kò yàtọ̀ sí èyí: ohun tí etí ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ló ń rán ojú létí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà lára fèrèsé tí àrokò kò ní, ìyẹn ni ìmọ́lẹ̀. Iyanrìn àti eérú igi ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ di dígí. Kóbáltì ló ń sọ ọ́ di aró. Òjé ni wọ́n fi ń so ègé rẹ̀ pọ̀. Inú ara dígí ni àwọ̀ wà, oòrùn ló sì ń gbé e jáde. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìmọ̀ yìí ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ ìwádìí Abidemi Babalola àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Igbó Olókun, Ilé-Ifẹ̀, fi hàn pé láàrin nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń yọ́ dígí níbẹ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀, aláwọ̀ aró sì wà lára wọn. Ìgbà kan náà ni pẹ̀lú Chartres! Chartres gbé dígí tirẹ̀ sójú fèrèsé, Ifẹ̀ fi tirẹ̀ ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́.

Yusuf Grillo (1934–2021), ọmọ Èkó tó ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba College of Technology fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe fèrèsé aláwọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni. Onígbàgbọ́ ló ni ìtàn. Ojú tó mọ àwọ̀ ni Grillo mú wá. Aró tó gbajúmọ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀, tó ń mú àdìrẹ wá síni lọ́kàn, kò bèèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ohun kan bá wà lára fèrèsé tí kò nílò ògbufọ̀, òun nìyẹn.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ọ̀tá tirẹ̀. Dígí eérú igi ti ayé àtijọ́ kò fara da ọ̀rinrin àti èéfín. Ojú ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ. Ní Port Harcourt, láti apá ìparí 2016 ni àwọn ará ìlú ti ń ké gbàjarè nípa èéfín dúdú tó ń balẹ̀ sórí ilé àti aṣọ, tí wọ́n sì ka fífọ epo rọ̀bì láìgbàṣẹ mọ́ ohun tó fà á. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ náwó sórí fèrèsé aláwọ̀ níbẹ̀ yóò nílò ẹni tí yóò máa nù ún déédéé, àti ẹni tí yóò máa sọ ìtàn ara rẹ̀ fún àwọn ọmọdé ní Ikwerre, ní Ìgbò àti ní Yorùbá.